Ojú Tó Ń Sunkún ní Ìparí Kọ́ọ̀sì

Ìyá Ábídí kì í tètè bínú, ṣùgbọ́n tó bá ti bínú, ẹ máa lọ sinmi. Kò ní pariwo, kò ní fajú ro. Á máa kí yín, á bi yín léèrè ilé, á tún bá yín rẹ́rìn-ín sí i, ìbínú náà á sì wà nínú rẹ̀ bí omi tó ń hó lábẹ́ ọmọrí ìkòkò. Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣí ọmọrí ló máa mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Ábídí, nítorí kíláàsì àkọ́kọ́ ló ti ń kọ́ látìgbà tó ti gba iṣẹ́, kò sì fìgbà kankan fẹ́ kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ní ábídí ti di bàbá ọlọ́mọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá bá a. Tí ọmọ kan tí kò mọ nǹkan kan lánàá bá ṣàdédé la ẹnu tó ka ọ̀rọ̀ kan jáde lójú pátákó, ara Ìyá Ábídí á yá gágá títí tó fi máa délé. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fìríìjì ṣe, máa ń sọ pé òun ò ní í béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ, pé orin tó bá ń kọ nílé ìdáná lòun fi ń mọ̀ bóyá ọmọ kan ti kàwé lónìí. Kíláàsì yẹn ni gbogbo ohun tó ń wá nínú iṣẹ́ olùkọ́. Kò fẹ́ ipò, kò fẹ́ ọ́fíìsì, kò fẹ́ àga tó ń yí bírí.

Kíláàsì yẹn ni Alágogo wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alágogo ni ọ̀gá iléèwé wọn. Ìnagijẹ nìyẹn náà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ta ló tó bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀? Orí tábìlì rẹ̀ ni agogo iléèwé ń gbé, òun nìkan ló sì ń lù ú. Bó bá ń lọ sí ìpàdé níta, inú báàgì rẹ̀ ló ń gbé e sí, àwọn ọmọ á sì máa ṣeré lọ títí yóò fi dé. Obìnrin náà fẹ́ràn ipò ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti dúró níwájú ọmọ gbẹ̀yìn. Bí ọmọ kan bá fara kan aṣọ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ṣe ni yóò gbọn ibẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì orí ayélujára ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì àgbà, ìyẹn àwọn tó ń darí gbogbo iléèwé, ló pàṣẹ pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣe kọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù, kí ìmọ̀ wọn lè máa bá ìgbà mu. Ẹ̀rọ náà á fi fídíò hàn ọ́, á bi ọ́ ní ìbéèrè, á ní kí o kọ èrò ọkàn rẹ sílẹ̀, lẹ́yìn náà á fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí. Ṣé ẹ rò pé àwọn olùkọ́ ń wo fídíò? Tíṣà Eré-Ìdárayá á tan tirẹ̀, á ju fóònù sínú àpò bọ́ọ̀lù, á bọ́ sí pápá. Tó bá fi máa padà dé, ọ̀jọ̀gbọ́n inú fóònù ti dá àwọn bọ́ọ̀lù lẹ́kọ̀ọ́ tán. Olùkọ́ ìṣirò á kọjú tirẹ̀ sí ògiri, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, á kàn máa na ọwọ́ sẹ́yìn tẹ "Tẹ̀síwájú" bí ẹni ń họ ẹ̀yìn.

Ní ìparí kọ́ọ̀sì, ojú márùn-ún á yọ lórí ẹ̀rọ, láti orí èyí tó ń sunkún dé orí èyí tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn. Ẹ̀rọ á bi ọ́ pé báwo ni kọ́ọ̀sì náà ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn tó. Gbogbo olùkọ́ pátá ló ń tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn o! Bí o bá dán an wò tí o tẹ èyí tó ń sunkún, àpótí ńlá kan á ṣí, á ní kí o ṣàlàyé ara rẹ, kò sì ní jẹ́ kí o rí ìwé-ẹ̀rí àfi tí o bá kọ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ta ló ń wá wàhálà? Nítorí náà lọ́dọọdún, àwọn ará ọ́fíìsì àgbà á kéde pé kò sí olùkọ́ kan tí kọ́ọ̀sì ò tẹ́ lọ́rùn, wọ́n á sì tún gbé òmíràn dé.

Alágogo ò tiẹ̀ fẹ́ tẹ "Tẹ̀síwájú" fúnra rẹ̀. Nígbà tí kọ́ọ̀sì lórí kíkọ́ ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà dé, ó ránṣẹ́ pe Ìyá Ábídí, ó fà á jókòó sórí àga rẹ̀ tó ń yí bírí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ bà á, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa bá yín jókòó ti kíláàsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni. Alágogo fún Ìyá Ábídí ní páswọ̀ọ̀dù tó fi ń wọ orí ẹ̀rọ náà. Ìyá Ábídí bi í pé tòun ńkọ́, pé òun náà ní kọ́ọ̀sì láti ṣe. Alágogo ju ọwọ́ síbẹ̀. Ó ní èyí ò le, pé òun máa bá àwọn ará ọ́fíìsì àgbà sọ ọ́, wọn ò ní béèrè tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó wá ya Ìyá Ábídí fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé ó gbádùn kọ́ọ̀sì náà. Obìnrin arúgbó kan wà nínú fídíò tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní bí ọmọ kan bá ń kọ lẹ́tà sódì, kí olùkọ́ fi ìka kọ lẹ́tà náà sẹ́yìn ọmọ yẹn, kí ọmọ fi ara mọ ohun tó jẹ́, kí òun náà sì kọ ọ́ sẹ́yìn ọmọ mìíràn. Àṣé béèyàn ṣe pẹ́ nídìí iṣẹ́ tó, nǹkan ṣì kù tí kò mọ̀! Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó máa ń de rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ irun, tó jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà ló ń kọ sódì. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ábídí gbìyànjú rẹ̀ lára ọmọ náà. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí nítorí ìka ń rìn ín ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ló kọ dáadáa kí wọ́n tó jáde. Ìyá Ábídí kọ gbogbo ìyẹn sórí ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ní kó kọ èrò ọkàn rẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ó sì tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín, orúkọ Alágogo sì ni gbogbo rẹ̀ lọ sí.

Ó ṣe kọ́ọ̀sì Alágogo tán. Ó tún ṣe èkejì, ó ṣe ẹ̀kẹta. Kọ́ọ̀sì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tó di ọjọ́ ìpàdé àwọn olùkọ́, Alágogo dìde, ó gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó ti fi sínú férémù sókè, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, Ìyá Ábídí náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní ọ́fíìsì àgbà ti pàṣẹ pé olùkọ́ tí kò bá parí kọ́ọ̀sì tirẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́. Ó ní ó dun òun gan-an, àmọ́ òfin lòfin, pé láti ìsinsìnyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni yóò máa kọ́ kíláàsì náà, kí Ìyá Ábídí lọ máa tọ́jú yàrá ìkàwé.

Ẹ̀yìn ìpàdé ni Ìyá Ábídí tẹ̀lé e wọ ọ́fíìsì. Ó rọra bi í pé kí la tún wá gbọ́ yìí, ṣé kì í ṣe tiyín ni mo ń ṣe tí mi ò fi ráyè ṣe tèmi, ṣé ẹ ò ní ẹ máa bá wọn sọ ọ́? Alágogo ń fi aṣọ nu gíláàsì férémù rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ta ló ní kí o má ṣe tìrẹ?"

Ẹ gbọ́ "o" yẹn o! Nígbà tó ń wá oore, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́" ló wà lẹ́nu rẹ̀ bí àdúrà. Oore parí, Ìyá Ábídí di ẹni tí wọ́n ń pè ní "o". Ó ní kò burú mà, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ọmọrí ìkòkò ti dé e lórí, kò sì sí ẹni tó rí èéfín.

Yàrá ìkàwé yẹn, orúkọ lásán ni. Àga tó ti kán àti páálí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tú rí ló kún ibẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ògiri kan náà ló pín òun àti kíláàsì àkọ́kọ́ níyà. Gbogbo ọjọ́ ló ń gbọ́ bí ọmọ ẹ̀gbọ́n Alágogo ṣe ń lọgun mọ́ àwọn ọmọ, tí àwọn ọmọ sì ń pariwo ohun tí kò yé wọn tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí ọmọ onírìbọ́ọ̀nù pupa ń sunkún pé òun ò mọ̀ ọ́n, òun ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ábídí fi ọwọ́ méjèèjì lé ògiri náà, ó dúró bẹ́ẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bú Alágogo níbẹ̀, ó bú u débi tó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìyá Ábídí ní Ọlọ́run níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, pé òun fẹ́ bá a gbé ọ̀kan kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá wo bí ojú kì í ti àwọn èèyàn kan. Kò tíì pẹ́ rárá tí Alágogo tún ránṣẹ́ pè é. Kọ́ọ̀sì àṣekágbá ti dé. Tó bá ti parí èyí, wọ́n á sọ ọ́ di alábòójútó lórí àwọn ọ̀gá iléèwé gbogbo àgbègbè náà, ó sì ti ń fọkàn rìn káàkiri nínú ọ́fíìsì tuntun. Ó padà sí "ẹ jọ̀ọ́". Ó fa àga tó ń yí bírí síwájú, ó bu omi tútù fún Ìyá Ábídí, ó ní tóun bá ti dé ipò yẹn, òun ò ní gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Ábídí mu omi náà tán. Ó ní kò sí wàhálà mà, ṣebí ara wa náà ni.

Ó ṣe kọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ojú márùn-ún yọ. Ó wò wọ́n, ó sì tẹ èyí tó ń sunkún. Àpótí ńlá ṣí, ó ní kó ṣàlàyé. Ìyá Ábídí fa àga súnmọ́ tábìlì, ó na ìka rẹ̀, ó wá ṣí ọmọrí.

Ó kọ ọ́ bí ẹni pé Alágogo gan-an ló ń kọ ọ́. Ó ní kọ́ọ̀sì yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn nítorí pé òun ò ṣe é. Ó ní òun ọ̀gá iléèwé ò wo fídíò kan ṣoṣo rí nínú gbogbo èyí tóun gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Pé olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ lòun fi ipò mú pé kó máa ṣe é fóun, kò sì lè kọ̀. Pé nígbà tó ṣe tòun tán tí kò ráyè ṣe tirẹ̀, ìyẹn gan-an lòun dì mú tóun fi gba kíláàsì rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀ àfi orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́.

Ẹ rí ọgbọ́n inú rẹ̀? Bí Alágogo bá ní òun lòun kọ ọ́, ó ti jẹ́wọ́. Bó bá ní òun kọ́, wọ́n á bi í pé ta wá ló mọ páswọ̀ọ̀dù rẹ̀, ta ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìjẹ́wọ́ náà nìyẹn. Ibi yòówù kó gbà, inú kòtò kan náà ló máa já sí. Ìyá Ábídí rẹ́rìn-ín nígbà tó rò ó débẹ̀. Ó pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n àpótí ò tíì kún dẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbóná. Gbogbo ìyìn tí ẹnikẹ́ni ò yìn ín rí nínú iléèwé yẹn ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu Alágogo jáde. Ó ní kò sí ẹni tó gbọ́n tó olùkọ́ yìí láàárín wọn. Pé òun ló gbé iléèwé náà rù táwọn èèyàn rò pé ọ̀gá ló gbé e. Pé obìnrin náà níwà ìrẹ̀lẹ̀ débi pé bí wọ́n bá fi ohun tó tọ́ sí i lọ̀ ọ́, ṣe ni yóò sọ pé òun ò fẹ́. Ó ní ní ti òun ọ̀gá, òun tiẹ̀ ti gbàgbé bí ọmọdé ṣe ń rí, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá òun padà síwájú pátákó kí ojú òun lè là. Ìyá Ábídí ka ibi tó ti yin ara rẹ̀ lákàtúnkà. Ó fi ọ̀rọ̀ dídùn méjì-mẹ́ta kún un, ó sì fi ránṣẹ́.

Ìwé-ẹ̀rí yọ lójú ẹsẹ̀, orúkọ Alágogo gàdàgbà lára rẹ̀. Alágogo dúpẹ́ títí.

Láti ọjọ́ yẹn ni Alágogo ti ń rìn bí alábòójútó. Ó ra báàgì tuntun. Ó ń bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére fún wọn. Ìyá Ábídí ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá ìkàwé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé máa yan fanda lọ, o ṣì máa rí màbo.

Àwọn méjì dé láti ọ́fíìsì àgbà, ọkùnrin sísanra kan tó ń nu òógùn àti obìnrin kan tó gbé awò ojú sí iwájú orí. Alágogo sáré jáde pàdé wọn, eyín hàn. Wọ́n ní kó pe olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀ wá. Ìyá Ábídí wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí Alágogo ti lè rí i dáadáa. Obìnrin náà fa awò rẹ̀ sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ náà sókè láti orí fóònù rẹ̀.

Ẹ̀rín ò tètè kúrò lẹ́nu Alágogo, ó kàn ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ó gbé orí sókè, ó wo Ìyá Ábídí. Ìyá Ábídí ò ṣẹ́jú. Ó fọwọ́ lé ọwọ́ níwájú bí òṣìṣẹ́ dáadáa, ó sì fún un ní ẹ̀rín ojú karùn-ún gan-an, tòun ti eyín. Alágogo mọ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ti mú òun, ó mọ ẹni tó mú òun, ó sì mọ̀ pé òun ò lè sọ ọ́.

Obìnrin náà bi í pé ṣé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́.

"Èmi ni," ni Alágogo wí. "Èmi ni mo kọ ọ́."

Inú Ìyá Ábídí dùn! Ẹ jẹ́ ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Ọkùnrin sísanra ní látìgbà tí kọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tẹ ojú yẹn rí, pé àwọn tiẹ̀ ti rò pé kò ṣiṣẹ́. Ó ní òun máa lọ bá àwọn àgbà òun jíròrò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Ábídí padà sí yàrá ìkàwé, ó kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sínú ike, ó nu ojú ike náà, ó jókòó ti í. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ gbọ́ orin nílé ìdáná.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni àwọn méjèèjì padà wá, wọ́n sì pe gbogbo olùkọ́ jọ. Obìnrin aláwò ló sọ̀rọ̀. Ó ní òtítọ́ ṣọ̀wọ́n, pé nítorí ọ̀gá yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, wọn ò ní lé e kúrò níṣẹ́. Ó kàn ní láti kúrò nípò ọ̀gá, ọ̀rọ̀ alábòójútó sì ti parí. Ìyá Ábídí ń mi orí bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà ní bákan náà, níwọ̀n bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà síwájú pátákó, wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀: kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n fún un, nítorí orúkọ rẹ̀ ṣáà ló wà lára ìwé-ẹ̀rí, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sí kíláàsì mìíràn.

Orí Ìyá Ábídí dúró lójú kan. Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Wọn ò tíì parí. Wọ́n ní ta ló wá tó jẹ ọ̀gá bí kò ṣe ẹni tó ti ń gbé iléèwé náà rù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀? Wọ́n nawọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ pariwo ayọ̀, Tíṣà Eré-Ìdárayá fẹ fèrè. Ìyá Ábídí dìde. Ó ní ẹ ṣé o, àmọ́ òun ò fẹ́, pé kíláàsì òun nìkan lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n dákun wá ẹlòmíì. Obìnrin aláwò yíjú sí ọkùnrin sísanra, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó ní yóò kọ̀ ọ́."

Kí ni Ìyá Ábídí fẹ́ sọ? Kó sọ pé òun lòun yin ara òun? Bó bá gbà, ó di ọ̀gá. Bó bá kọ̀, ó túbọ̀ yẹ lọ́gàá. Ó wo ọ̀hún, ó wo ìhín, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Alágogo náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Alágogo wọ ọ́fíìsì lọ gbé agogo wá, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé Ìyá Ábídí jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí kíláàsì bá bọ́ lọ́wọ́ òun, kò ní rọ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́rùn. Ó máa ń dúró lójú fèrèsé wo bí àwọn ọmọ ṣe ń gun tábìlì, tí Alágogo ń làágùn, tí ohùn rẹ̀ ti há. Tí Alágogo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn kó jọ tó fẹ́ kọ nǹkan sójú pátákó, Ìyá Ábídí á lu agogo, àwọn ọmọ á sì tú jáde gìrìgìrì. Ó ṣe é léraléra. Ó máa ń pè é wá sí ọ́fíìsì bó bá pẹ́ dé díẹ̀, á fi í sórí ìdúró, á máa wá nǹkan tí kò sọnù nínú dúrọ́ọ̀. Alágogo á ní ẹ má bínú, Ọ̀gá, á padà lọ.

Nígbà tó yá, ariwo kíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹ̀rín rọ́pò rẹ̀. Ìyá Ábídí tẹ́tí sí ẹ̀rín náà láti orí àga tó ń yí bírí, kò sì dùn létí rẹ̀ rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń parí kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá tuntun, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ọ́fíìsì. Alágogo kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ṣọ́ọ̀kì wà ní imú rẹ̀, àmì ọwọ́ ọmọdé wà lára aṣọ rẹ̀, kò sì gbọ̀n ọ́n nù. Ó ní òun kàn ní kóun wá sọ fún un ni, pé ọmọ onírìbọ́ọ̀nù pupa yẹn kàwé lónìí, odindi ojú ewé kan, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ìyá Ábídí yí àga kọjú sí i. Ó bi í pé báwo ló ṣe ṣe é.

"Mo lọ wo kọ́ọ̀sì tí ẹ bá mi ṣe yẹn," ni Alágogo wí. "Ìyá àgbà inú fídíò, tó ní ká máa kọ ọ́ sẹ́yìn wọn. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni mo tẹ̀, Ọ̀gá, tọkàntọkàn." Ó nu imú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì náà sì fẹ̀ sí i. "Mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe máa ń rí lára, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á jáde. Ohun tí ẹ kọ lórúkọ mi yẹn, kò sí ẹni tó ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ìyá Ábídí wá ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Ó wá a kíníkíní, nítorí ká ní ẹ̀gàn ni, ì bá mọ ohun tó máa fi dá a padà. Kò rí i. Ojú obìnrin náà mọ́ bí ojú ẹni tó sùn dáadáa. Alágogo ní òun ń lọ, pé àwọn ọmọ ń dúró de òun, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ojú márùn-ún ti yọ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń dúró dè é. Ìyá Ábídí tẹ èyí tó ń sunkún. Àpótí ṣí, ó ní kó ṣàlàyé. Ó kọ ọ́ pé kíláàsì òun lòun fẹ́. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, ó wo orúkọ tó wà lókè rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá fẹ́ ṣàlàyé bí kíláàsì ṣe bọ́ lọ́wọ́ òun, yóò ní láti sọ ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá Alágogo padà síwájú pátákó, àti ẹni tó yin ara rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e gun orí àga yìí. Láti òdìkejì àgbàlá, àwọn ọmọ ń kàwé, ohùn kan tó tín-ín-rín sì ń ṣáájú wọn, tí kò ṣìnà.

Ó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó tẹ ojú tó ń rẹ́rìn-ín bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìwé-ẹ̀rí sì yọ. Àkókò ìjáde ti kọjá, nítorí náà ó mú agogo, ó lọ lù ú.